Àlejò Di Mẹ́yọ̀ Láàárín Ọdún Méje: Ẹ̀yin Ará Ọjà Igbó, Ẹ Gbọ́

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn alákòóso ẹgbẹ́ wa bá àwọn ará ọjà sọ ní Ọjà Igbó, Ògbómọ̀ṣọ́. A tẹ̀ ẹ́ síbí kí ẹni tí kò sí níjokòó lọ́jọ́ náà lè rí i kà.

  

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ti rí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó gbé gbohùngbohùn dání, ohun tó máa ń wá sọ́kàn yín ni pé, "Wọ́n tún ti dé." Ẹ̀yin lẹ jàre. Ọ̀pọ̀ ti wá síbí rí, wọ́n lu ìlù, wọ́n pín ìrẹsì, wọ́n lọ. Èmi ò gbé ìrẹsì wá. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo gbé wá, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà kí ẹ dá mi lẹ́jọ́ bó ṣe wù yín.

N kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìwé mẹ́wàá lè ka ìwé ìròyìn, ó lè ka òfin, ó sì lè ṣírò.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, arìnrìn-àjò ni wá. Àwọn bàbá wa dé Jọ́ọ̀sì, wọ́n dé Kánò, wọ́n rékọjá lọ sí Gánà, wọ́n tajà ní Kùmásì, wọ́n tajà ní Tàmálè. Wọ́n san owó orí níbẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà ń sọ èdè ibẹ̀ bí ẹní mumi. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ti lo ogún ọdún, ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún, ọjọ́ mẹ́rìnlá péré! Ẹ bi àwọn àgbà agboolé yín léèrè. Wọ́n di ohun tí wọ́n lè dì, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà ilé.

Kí ló fà á tó fi rọrùn bẹ́ẹ̀ láti lé wọn? Wọ́n lówó, wọn ò lóhùn. Owó wọn wọ ọjà, orúkọ wọn ò wọ ìwé ìdìbò. Lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, kò sí ẹni wọn kankan nínú ilé náà tó lè nawọ́ sókè kó ní, "Ẹ dúró ná."

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ìtàn mi wá kù.

Ọkùnrin tí mo ń wí, Rótìmí Adébárí lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lápá Yewa lọ́hùn-ún. Ó kàwé nípa ètò ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Benin. Ní ọdún 2000 ó kúrò nílé, òun àti aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ, wọ́n gbọ̀nà ilẹ̀ Ireland lọ. Ó sọ fún ìjọba ibẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló lé òun kúrò nílé. Wọ́n wo ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rí tó mú wá kò tó. Ṣùgbọ́n aya rẹ̀ bímọ sí ibẹ̀, òfin ilẹ̀ náà nígbà yẹn sì sọ pé ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ ti di ọmọ onílẹ̀. Ọmọ yẹn ló jẹ́ kí ìyá àti bàbá rí àyè jókòó. Ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Portlaoise ni wọ́n tẹ̀dó sí.

Ẹ má rò pé ìlú ńlá ni o. Portlaoise kò tó ìdajì ìdajì Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mò ń sọ yìí, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ ṣiṣẹ́ ní Dublin tó jẹ́ olú ìlú, tó bá di alẹ́ wọ́n á padà wálé.

Àwọn ará Ireland fúnra wọn mọ ohun tí à ń pè ní ìyà àlejò. Láti ọdún 1845 ni ìyàn ńlá ti mú níbẹ̀, tí pòtétò tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀mí ró ń jẹrà nínú ilẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn kú. Bíi mílíọ̀nù kan mìíràn wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sá lọ. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì ń dìbò. Ní ọdún 1884, ìlú Boston dìbò yan Hugh O'Brien ní mẹ́yọ̀, ọkùnrin tí wọ́n bí sí Ireland gan-an. Ọ̀nà tí Adébárí wá gbà, àwọn onílé rẹ̀ ti gbà á rí nílẹ̀ ẹlòmíràn.

Báwo ló ṣe ṣe é? Nígbà tó kọ́kọ́ dé, kò ríṣẹ́. Ó kàwé yunifásítì, kò sì ríṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà níbí mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá ṣe ni pé ó kó àwọn tí kò níṣẹ́ jọ, àlejò àti onílé, ó dá ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè jọ máa wá ọ̀nà àbáyọ. Ó padà sílé ìwé, ó gba oyè kejì ní yunifásítì kan ní Dublin, lórí bí ẹ̀yà oríṣiríṣi ṣe lè jọ gbé. Ó ṣe ètò lórí rédíò àdúgbò, kí àwọn onílé lè gbọ́ ohùn àlejò kí wọ́n tó bẹ̀rù rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kó tó bẹ ẹnikẹ́ni fún ìbò, ìlú ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ìbò káńsù dé ní oṣù kẹfà ọdún 2004. Ẹ gbọ́ òfin wọn o: ní ilẹ̀ Ireland, tó bá jẹ́ ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ni, ẹni tó bá ń gbé ìlú náà lè dìbò, ó sì lè díje, ì báà má jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà rárá. Àwọn gbà pé ẹni tí gọ́tà dí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ló yẹ kó sọ̀rọ̀ lórí gọ́tà. Adébárí jáde. Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan lẹ́yìn rẹ̀. Òun nìkan ló dá dúró.

Bí wọ́n ṣe ń dìbò níbẹ̀ náà yàtọ̀ sí tiwa. Tiwa, ẹnì kan ṣoṣo lẹ ó tẹ̀ka fún. Tiwọn, ẹ ó kọ 1 síwájú orúkọ ẹni tó wù yín jù, ẹ ó kọ 2 síwájú ẹni tó tẹ̀ lé e, ẹ ó kọ 3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni àkọ́kọ́ yín bá já, ìbò yín kò ní ṣòfò, ó máa kọjá sọ́dọ̀ ẹni kejì. Nítorí náà, olùdíje tó gbọ́n kì í bú ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jù, torí ó ń wá 2 àti 3 láti ilé àwọn tó fẹ́ràn ẹlòmíràn. Irú ètò yìí máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀.

Adébárí wọlé. Ó di káńsílọ̀. Ní ọdún kan náà, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, Dókítà Taiwo Matthew, wọlé sí káńsù ìlú Ennis.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò káńsù yẹn gan-an, wọ́n tún ní kí ará ìlú dìbò lórí òfin ńlá kan: ṣé kí ọmọ tí àlejò bá bí sí Ireland ṣì máa di ọmọ onílẹ̀ láìsí àní-àní? Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó dìbò jákèjádò orílẹ̀-èdè, bí 79 ló ní kí wọ́n fòpin sí i. Ilẹ̀kùn tí Adébárí gbà wọlé, ọjọ́ náà ni ìlú tì í. Àmọ́ lọ́jọ́ kan náà, ẹgbẹ́ kan nínú àwọn ará Portlaoise kọ orúkọ rẹ̀ sókè nínú ìwé ìbò. Lójú tèmi, ìdí rẹ̀ ò le. Lórí ìwé òfin, "àlejò" lásán ni wọ́n rí, ènìyàn sì máa ń bẹ̀rù ohun tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n Rótìmí, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ti jókòó pẹ̀lú àwọn tí kò níṣẹ́ nínú wọn.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Káńsílọ̀ mẹ́sàn-án ló wà nínú káńsù ìlú náà, àwọn fúnra wọn ló sì máa ń yan mẹ́yọ̀ láàárín ara wọn lọ́dọọdún. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2007, wọ́n dìbò: mẹ́fà sí mẹ́ta. Ẹgbẹ́ Fine Gael àti Sinn Féin, tí wọn kì í fẹ́ rí ara wọn sójú, ló tì í lẹ́yìn. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn di mẹ́yọ̀ Portlaoise, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó máa jẹ mẹ́yọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ireland. Ọdún méje péré ló ti lò ní ilẹ̀ náà. Ìròyìn rẹ̀ dé gbogbo àgbáyé.

Mi ò ní bu iyọ̀ jù sí i fún yín. Oyè mẹ́yọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe oyè alágbára. Kò sí ọkọ̀ akọrin tó ń sáré níwájú rẹ̀, kò sí àpò owó ìlú lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ó ń darí ìpàdé, ó ń ṣojú ìlú níbi ayẹyẹ, ó sì ń fetí sí ẹjọ́ ará ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ló ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ọdún kan ni sáà rẹ̀, ọdún náà pé, ó gbé ẹ̀wọ̀n oyè kúrò lọ́rùn, ó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní 2011 ó díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin orílẹ̀-èdè náà, kò wọlé. Ó já, ayé kò sì bàjẹ́. Nígbà tó di 2014, ìjọba ibẹ̀ fi òfin pa gbogbo káńsù ìlú kéékèèké rẹ́, 80 ni wọ́n, ti Portlaoise wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àga tí ó jókòó lé ṣe pòórá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó là kò dí mọ́. Ní 2019, obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan, Yemi Adenuga, wọ káńsù ní Meath. Ní 2021, òmíràn, Uruemu Adejinmi, di olórí káńsù àgbègbè Longford.

Ìtàn náà tán. Kí ló wá kàn wá ní Ọjà Igbó?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan, kí olúkúlùkù dáhùn nínú ọkàn rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ lálẹ́ òní tí gọ́tà ẹ̀yìn ìsọ̀ yín dí, tí omi ń wọ inú ẹrù, ta ni ẹ máa pè? Ṣé ẹ mọ orúkọ káńsílọ̀ yín? Ṣé ẹ mọ ilé rẹ̀? Ìgbà wo ló wá jókòó láàárín yín gbẹ̀yìn, lẹ́yìn ọjọ́ ìbò? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó dúpẹ́. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ó ti rí ìdí tí mo fi wá.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe káńsù níbí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala keje, sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ wà. Kí la rí? Mo máa ṣòótọ́, mi ò ní dá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lẹ́bi. Ìjọba tó wà ní Ìbàdàn láti 2011 fi kíátékà ṣe káńsù lọ́pọ̀ ọdún kó tó dìbò ní 2018. Ìjọba tó tẹ̀ lé e gorí oyè ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2019, lọ́jọ́ náà gan-an ló sì tú àwọn káńsù tí wọ́n dìbò yàn yẹn ká. Àwọn alága gba ilé ẹjọ́ lọ. Ó di oṣù karùn-ún 2021 kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó dájọ́ pé títú tí wọ́n tú wọn ká kò bófin mu. Ẹjọ́ dùn létí, àmọ́ sáà ọdún mẹ́ta wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ìgbà tí obìnrin dáná ọbẹ̀ tán ni wọ́n ń gbé ẹran dé.

Wọ́n tún dìbò káńsù ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2024. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n kéde pé ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè ní ìpínlẹ̀ ló wọlé ní gbogbo 33. Ẹ má bínú, ẹ yí Nàìjíríà ká: ní ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ kejì ti ń ṣèjọba, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń kà á, gbogbo rẹ̀ fún ẹgbẹ́ gómìnà. Nínú ilé kan péré, ọkọ àti ìyàwó lè má fẹ́ ẹgbẹ́ kan náà. Báwo wá ni gbogbo ìlú, gbogbo oko, láti Ṣakí dé Ìbàdàn, ṣe máa fẹ́ ẹnì kan náà láìku ẹyọ kan? Káńsílọ̀ mẹ́sàn-án ni Portlaoise ní, kò sí ẹgbẹ́ tó kó gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin tí kò lẹ́gbẹ́ fi lè rí ẹni bá dúnàádúrà.

Ẹ̀rù ni àga tí gómìnà fúnni. Ẹni tó bá fi ọ́ síbẹ̀ ni wàá máa wo ojú rẹ̀. Bí ará ọjà bá yan káńsílọ̀, ojú ará ọjà ni yóò máa wò. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tún dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ gómìnà mọ́, pé káńsù tí wọn kò bá dìbò yàn kò ní ẹ̀tọ́ sí owó náà. Ìdájọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í rìn fúnra rẹ̀. Bí owó bá dé káńsù, tí ẹni tó wà níbẹ̀ kò sì jẹ yín ní ìdáhùn, inú àpò tuntun lásán ni owó àtijọ́ wọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí n má sọ, wọ́n ní yóò bí àwọn ènìyàn nínú. Mo máa sọ ọ́. Àwọn àlejò wà láàárín wa. Hausa wà ní Sábó, Igbo ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, àwọn tó wá kàwé ní LAUTECH ti jókòó, wọ́n ti gbéyàwó síbí. Wọ́n ń san owó ìsọ̀ bíi tiwa, omi kan náà ló ń wọ ẹrù wa. Òfin Nàìjíríà kò sọ pé kí ọmọ Nàìjíríà má díje níbi tó ń gbé, àwa la fi ẹnu ara wa sọ pé, "Kì í ṣe ọmọ ibí." Inú wa dùn, à ń pàtẹ́wọ́, nígbà tí a gbọ́ pé ọmọ Yorùbá di mẹ́yọ̀ nílẹ̀ òyìnbó. Bí ọmọ Nnewi kan bá ti ogún ọdún gbé ní Ọjà Igbó, tó ti tún gọ́tà ṣe, tó ti sin òkú pẹ̀lú wa, tó wá ní òun fẹ́ ṣe káńsílọ̀, ṣé a ó pàtẹ́wọ́? A bínú sí ohun tí Gánà ṣe fún àwọn bàbá wa ní 1969. Ní 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà, orúkọ báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì wà lẹ́nu wa títí dòní. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí a bá fẹ́ kí wọ́n ṣe fún ọmọ wa ní ìdálẹ̀, ẹ jẹ́ ká lè ṣe é nílé.

Èyí tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe ní wọ́ọ̀dù yìí nìyí, ẹ gbé e sílẹ̀ kí ẹ lè fi mú wa. Ẹni tó bá fẹ́ díje fún káńsílọ̀ lórúkọ wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù lẹ ó yàn án ní gbangba. Kò ní ti Ìbàdàn wá nínú àpò ìwé. A ó béèrè pé: kí lo ti ṣe fún àdúgbò kó o tó wá? Ẹni tí kò bá lè tọ́ka sí iṣẹ́ kan, kó lọ ṣe é ná. Bó bá wọlé, yóò wá jókòó ní ọjà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, yóò ka iye tó wọlé sí káńsù àti ohun tí wọ́n ná an sí sí etí gbogbo wa. Ẹni tó bá ń gbé wọ́ọ̀dù yìí, ibi yòówù kí bàbá rẹ̀ ti wá, lè dìde béèrè ọ̀rọ̀. Bí a bá wọlé tí a ò ṣe é, ẹ fi ìwé ìròyìn yìí gbá wa lójú.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín náà kéré. Ẹ gba káàdì ìdìbò yín. Lọ́jọ́ ìbò káńsù, ẹ má sọ pé ìbò kékeré ni, pé ti gómìnà àti ti ààrẹ lẹ máa dì. Gómìnà kò ní wá kó gọ́tà yín. Ẹ jáde, ẹ dìbò, ẹ dúró títí wọ́n á fi kà á, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ìbò tí a kò dúró tì, ẹlòmíràn ló ń kà á fún wa.

Rótìmí Adébárí dé ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni, láìníṣẹ́, láìlẹ́gbẹ́, wọ́n sì ka ìbò rẹ̀ pé. Àwa tí a bí síbí, tí ọjà yìí jẹ́ ti ìyá wa, kí ló dé tí a ó fi máa ṣe àlejò nínú káńsù ara wa?